Ìlà tí Akọ̀wé Fà sí Ẹ̀yìn Òkè

Ó ku bí ọdún kan tàbí méjì kí ogun Jámánì bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí akọ̀wé ajẹ́lẹ̀ wá bá mi nídìí òfì mi ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti sọ fún un pé mo máa ń ru aṣọ lọ tà ní Ṣakí, pé kò sí òkè kan lójú ọ̀nà náà tí n kò mọ̀. Ó ní àwọn kan tó ní kẹ̀kẹ́ ológeere fẹ́ fi í sáré láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, òun ni wọ́n sì ní kó wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ó fẹ́ kí n mú òun rin ín, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá mi jókòó nítòsí, ó ń ran òwú. Ó dúró kí akọ̀wé lọ ná.

"Ta ló ń lé wọn?" ó bi mí.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, ìyá mi. Eré ni wọ́n fẹ́ sá."

"Àgbà kì í déédé sáré. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Máa ṣọ́ ọkùnrin yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Láti ìgbà tí a ti jáde nílé ni mo ti ń ṣọ́ akọ̀wé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí a bá dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á sọ̀ kalẹ̀, á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, á rọra gùn ún kí n lè bá a. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ó rí odò, ó kọ ọ́. Ó rí òkè, ó kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, á pa ìwé dé kó tó dá onítọ̀hún lóhùn. Ní abúlé kan ó béèrè iye ilé tó wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ilé ṣe. Ó ní ibi tí ilé bá wà ni ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ti lè rí omi mu. Èsì náà dára. Dídára rẹ̀ gan-an ló fu mí lára.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, a dé abúlé tí wọ́n ti bí ìyá mi, lẹ́sẹ̀ òkè kan tí kò jìnnà sí Òkèhò. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ló kù níbẹ̀, Ìyá Àgbà là ń pè é. Orí òkè yẹn ni wọ́n máa ń sá gùn nígbà ogun. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, láàárín àpáta, tí ẹni tó wà lójú títì kò lè rí. Ọ̀nà yẹn ni kò jẹ́ kí ogun kó wọn.

Ìyá Àgbà pè mí sẹ́yìnkùlé. "Ṣé o ti fi ọ̀nà ẹ̀yìn hàn án?"

"Rárá o, Ìyá Àgbà."

"Bó bá bi ọ́, àpáta ló wà níbẹ̀."

Ó sì bi mí. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú títí, ó ní, "Èyí le jù fún ẹni tó gun kẹ̀kẹ́. Ṣé kò sí èyí tó gba ẹ̀yìn?"

"Kò sí, ọ̀gá. Àpáta lásán ni."

Ó wò mí, ó wo òkè, ó mú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kọ nǹkan.

Nígbà tó lọ wẹ̀ lódò, ó fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Mo ṣí ìwé náà. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ká lọ sílé ẹ̀kọ́ ká tó mọ̀ ọ́n. Mo rí òkè wa níbẹ̀. Mo sì rí ìlà kan tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká láti ìkángun kan dé èkejì.  Ó ti mọ ọ̀nà náà, àfi bí ẹni pé ṣe ló kàn ń dán mi wò. Mo ya ojú ìwé yẹn, mo fún un pọ̀, mo tì í sínú pàlàpálá òkúta.

Ilẹ̀ mọ́ kó tó mọ̀. Kò pariwo.

"Ìwọ lo ya ìwé mi?"

Mo wo pàlàpálá òkúta náà.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn òkè."

Ó mi orí. "Odò ni mo yà síbẹ̀. Odò tí mo lọ wẹ̀."

Lóòótọ́, odò náà yí ẹ̀yìn òkè ká, ọ̀nà wa sì bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Ìlà kan náà lè jẹ́ méjèèjì. Títí di òní n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé èwo ni. Kò béèrè ohunkóhun mọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ló ní kí eré náà gbà.

Lọ́jọ́ eré, èmi ni wọ́n ní kí n dúró lábẹ́ igi emi kan ní abúlé náà láti júwe ọ̀nà. Àwọn ará ibẹ̀ ti kó ewúrẹ́ wọn wọlé. Kí oòrùn tó kàn tàrí, àwọn mẹ́fà dé. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, wọ́n ń gun àpáta, òógùn bò wọ́n. Ẹni kẹta, oníṣòwò kan láti Ìbàdàn, kò ní sùúrù débi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú ní ìhà kejì kó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gbá òkúta, ó sì fi apá ṣubú. Àwọn tó kù kò mọ̀. Wọ́n ń sá lọ.

Igbe rẹ̀ la gbọ́ tí a fi sọdá òkè lọ bá a, ṣùgbọ́n òkèèrè ni àwọn ará abúlé dúró sí. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ má sún mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ń díbọ́n ká lè gbé e wọlé."

Ìyá Àgbà kọjá lára wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo apá náà, ó ní, "Eegun kì í díbọ́n." Ó ní a ò lè gbé e gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà padà, òkúta á yẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Ká gbé e gba ẹ̀yìn.

Mo wò ó. Ó tú ìborùn rẹ̀. "Ẹ fi bò ó lójú," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ọkùnrin tó ń kérora, tá a bo ojú rẹ̀, gba ọ̀nà tó tẹ́jú tí kẹ̀kẹ́ ì bá gbà láìsí wàhálà. Ìyá Àgbà to eegun náà, ó fi pákó dè é. Lọ́sẹ̀ yẹn mo jẹ́wọ́ fún un pé bí n kò bá ya ìwé, ọkùnrin náà ì bá má ṣubú.

"Bí o kò bá sì ya á," ó ní, "a ò mọ ẹni tí ì bá ṣubú."

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, oníṣòwò náà gbé àpò iyọ̀ wá fún un. Mo wà níbẹ̀. Apá rẹ̀ ti san, ó kàn wọ́ díẹ̀. Ìyá Àgbà dúpẹ́, ó fún un lómi, ó sun iṣu fún un. Ọkùnrin náà gbé àpótí, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí òkè. Ìyá Àgbà rọra bẹ̀ ẹ́ pé kó kọjú sọ́nà, kí oòrùn má bà á lójú jẹ́. Oòrùn kò sí níhà ibẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó, ó yí àpótí rẹ̀ padà, ó sì ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ.