Bí Olútóyè Ṣe Jáde Nílé Alápó

Láyé ìgbà tí à ń wí yìí, bí èèyàn bá dé Williamsville ní Abidjan tó ní òun ń wá Baba Alápó, ọmọ iléèwé lásán á mú un dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Olútóyè ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yà ara alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì ló ń tà ní ọjà Adjamé, ṣùgbọ́n ilé Alápó tó wà ní abúlé Ìdí-Òro, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ló fi ń yangàn. Ẹni tó bá wá ra ṣéènì kan lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Alápó kí ṣéènì tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Dioula a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n á ní, "Vieux, àgbà wa, a ti gbọ́ ti Alápó, ṣéènì wa dà?"

Kò sì yẹ ká bá a wí. Ẹni tó ti wà lájò láti ìgbà ọ̀dọ́, kí ló tún ní tó ju ilé lọ? Látúnjí, bàbá rẹ̀, kú nígbà tí Olútóyè kò tíì gbọ́n. Àwòrán kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀, ilà ojú rẹ̀ sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ náà ni pé olóólà ti mutí yó lọ́jọ́ tó kọ ọ́. Ní ọdún 1987, Mọ́gàjí ilé Alápó, tó jẹ́ olórí agboolé, papò dà, àwọn ará ilé sì ránṣẹ́ sí Abidjan pé Olútóyè ló kàn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ yẹn dé, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ó lọ sílé lọ jókòó, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jẹun.

Àárín àkókò yẹn gan-an ni Micheline, àkọ́bí rẹ̀, mú ọkùnrin wálé. Olújídé ni orúkọ ọmọkùnrin náà. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ òfúrufú ní Port-Bouët, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn. Ọ̀rọ̀ ìbá dùn, àmọ́ ọmọ ilé Alápó ni Ọlọ́runlékè, bàbá Olújídé, tó ń gbé ní àdúgbò Niangon. Ó pẹ́ tí òun àti Olútóyè ti ń pe ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ibi tí gbòǹgbò wọn ti pàdé gan-an, kò sí èyí tó lè sọ nínú wọn, nítorí agboolé ńlá ni: ọmọ ọkùnrin ń bẹ níbẹ̀, ọmọ obìnrin tó padà wálé ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kàn wá kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́. A kì í fẹ́ ìbátan ẹni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò bá pàdé, ọ̀nà wà.

Pásítọ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ó ní, "N kò ní kéde ìgbéyàwó àwọn ọmọ yìí nínú ìjọ títí ẹ ó fi mú ẹ̀rí wá. Ìjọ Ìdí-Òro ti pẹ́, ìwé ìrìbọmi wọn wà níbẹ̀. Ìwé tí òyìnbó fi ka ènìyàn nígbà owó orí náà wà lọ́wọ́ baálẹ̀. Kí ẹnì kan lọ wò ó."

Olútóyè ní òun ni yóò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó fẹ́ wọkọ̀, Micheline wá bá a nínú yàrá.

"Papa, tí papiers tí ẹ fẹ́ lọ wò yẹn bá ní non ńkọ́?"

"Kò sí ìgbéyàwó nìyẹn."

"Mi ò lè recommencer, kí n tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì, Papa. Kí ẹ mọ̀ ọ́n."

Kò sunkún. Ìbá sunkún ni, ìbá rọ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, nítorí èèyàn a máa rí ohun sọ fún ẹni tó ń sunkún.

Olútóyè wọ bọ́ọ̀sì ní Adjamé, ó la Ghana, Togo àti Benin kọjá, ó dé Ìdí-Òro. Akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ìrìbọmi jáde, ó gbọn eruku rẹ̀, wọ́n jọ ń ṣí i. Wọ́n rí Òjó, bàbá Ọlọ́runlékè: "Bàbá rẹ̀: Alápó." Wọ́n ṣí i síwájú díẹ̀, wọ́n rí Látúnjí: "Bàbá rẹ̀: Alápó." Ó lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀. Nínú ìwé ìkànìyàn, orúkọ Alápó ló wà lókè, Òjó àti Látúnjí tẹ̀lé e nísàlẹ̀. Ìwé méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Orí Olútóyè wú nígbà tó rí orúkọ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó rántí Micheline, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun ya ẹ̀dà ìwé náà ní ìlú.

Nígbà tó fẹ́ padà, ó lọ dágbére fún Ìyá Òkéwùmí, ẹnì kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn ọmọ tí Alápó fúnra rẹ̀ bí. Ojú ìyá ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Olútóyè sọ ohun tó bá wá àti ohun tó rí. Ìyá ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá bọ́ síta.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ bàbá kan ni bàbá rẹ àti Òjó?"

"Ìwé ni, Ìyá. Ìwé ìjọ àti tìjọba."

"Ìwé ló bá wa gbélé ni? Nígbà tí àwọn tó ń ka ènìyàn dé, bàbá mi ló jáde sí wọn. Gbogbo ẹni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀, ọmọ òun ló pè é. Ohun kan náà ló sọ fún àwọn onígbàgbọ́." Ó fọwọ́ pa ojú. "Ilà bàbá rẹ tó wọ́ yẹn, ṣé o rò pé olóólà ló mutí? Ọmọ tuntun ni à ń kọ nílà. Bàbá rẹ ti ń sáré kiri kí wọ́n tó kọ tirẹ̀. Ó ń jà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú."

Ó wá sọ ọ́ tán. Obìnrin alájàpá kan ló yà sílé Alápó pẹ̀lú ibà, ó fa ọmọkùnrin kékeré kan lọ́wọ́. Kò dìde mọ́ níbi tó sùn sí. Alápó ní ọmọ náà ti di tòun, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ nílà ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún un láé pé ibí kọ́ ni wọ́n bí i sí. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé náà nìyẹn: ọmọ tí a bá ti gbà, a ti gbà á tán.

"Kí ni orúkọ obìnrin náà, Ìyá?"

"A kò tíì bi í léèrè tó fi kú."

"Ìlú rẹ̀ ńkọ́?"

"Bákan náà ni." Ìyá wá ọwọ́ rẹ̀ kàn, ó dì í mú. "Ǹ bá má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ méjì má wá ṣòfò nítorí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, mi ò sì ní tún un sọ fún ẹlòmíì. Ọwọ́ rẹ ló kù sí."

Nínú ọkọ̀, ìwé wà nínú àpò Olútóyè, òtítọ́ wà nínú ikùn rẹ̀. Bó bá yọ ìwé nìkan jáde, ọ̀rọ̀ ti parí, òun ni Mọ́gàjí. Nígbà tí wọ́n dé Cotonou, ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọdé ni Micheline, yóò gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Accra, kò gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó mọ òwe yẹn dáadáa, òun náà sì ti fi bá àwọn ẹlòmíràn wí rí.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n pé jọ sí yàrá àlejò rẹ̀: pásítọ̀, Ọlọ́runlékè, àti àwọn àgbà ilé Alápó tó wà ní Abidjan. Pásítọ̀ ka ìwé méjèèjì sókè. Ọlọ́runlékè bọ́ fìlà sórí itan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó parí nìyẹn. Ọmọ wa kò lè fẹ́ ọmọ wa."

Micheline, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, yí padà, ó fẹ́ máa lọ.

"Dúró," Olútóyè wí. Ó dìde. "Ohun tí wọ́n kọ ni pásítọ̀ kà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe ọmọ Alápó. Ọmọ alájàpá kan ni, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, tí wọn kò mọ ìlú rẹ̀." Ó rò ó fún wọn bí Ìyá Òkéwùmí ti rò ó, ó sì gbé àwòrán bàbá rẹ̀ sọ́wọ́ wọn kí wọ́n wo ilà náà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Tóyè, oyè Mọ́gàjí ńkọ́?"

"Mo mọ̀, bàbá. Ẹ fi fún ẹni tó ni ín."

Ọlọ́runlékè dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ ṣeun, ẹ̀..." Ọ̀rọ̀ tó ti ń pè é láti ọdún wọ̀nyí há a lẹ́nu. "Ẹ ṣeun, àna mi." Olútóyè gbọ́ ọ. Ó dùn ún dé egungun, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ọmọ rẹ̀ má bàa rí i.

Inú ọgbà ìjọ ni wọ́n ti ṣe ìdána, wọ́n to àga sí ọ̀tún àti òsì. Àwọn ará ilé Alápó tí Olútóyè pẹ̀lú wọn ti jọ sìnkú, tí wọ́n ti jọ sọmọ lórúkọ, gbogbo wọn jókòó sọ́dọ̀ ọkọ ìyàwó. Wọn kò ṣe é ní ti ìkà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn wà. Ní ìhà kejì, àwọn èèyàn Alice, ìyá Micheline, kún àyè tiwọn. Ìlà àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹbí bàbá ìyàwó, Olútóyè nìkan ló wà níbẹ̀.

Obìnrin tó ń darí ètò dojú kọ ọ́. "Ẹbí ọkọ ní ọmọ ilé Alápó làwọn. Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ilé ta ni wọ́n ti wá tọrọ ọmọ?"

Olútóyè dìde. Èsì tó ti ń fún aráyé láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ sáré dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ilé Látúnjí," ó wí.

Obìnrin náà kò gbọ́ orúkọ ilé yẹn rí, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà náà ni gbogbo ọkùnrin ilé Alápó bọ́ fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un.