Ẹni Tó Fún Mùnírátù Lóògùn

Ẹni bá ní Mùnírátù ọmọ Ẹ̀pẹ́ ń lo oògùn kó tó lè sáré, kó wá sọ ọ́ lójú èmi Fàlílátù, kó wá gbọ́ èsì. Bísíríyù ọkọ mi ni àbúrò ìyá ẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìgbògbò ló gbé ní gbogbo ọdún tó fi sáré fún Nàìjíríà. Nínú yàrá tí mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí ló ń sùn. Kò sí ohun tó gbé sẹ́nu tí mi ò mọ̀, àfi ẹyọ kan.

Ẹja ni ìyá ẹ̀, Mùsílímátù, ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Apẹja ni ìdílé bàbá ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sáré nínú wọn àfi tójò bá ń bọ̀. Níbi ìdíje ilé ẹ̀kọ́ ni Kóòṣì Festus ti rí i, tó ní ọmọ tó fi ẹsẹ̀ lásán ta gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ yọ báyìí, tó bá wọ bàtà ńkọ́? Bó ṣe dèrò Ìgbògbò nìyẹn, kó lè máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Festus ní Ìkòròdú. Eré ọgọ́rùn-ún mítà ni tiẹ̀. Ó sá a dé Gánà, ó sá a dé Kamẹrúùnù. Lọ́dún 2004, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé wa lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì ṣe ipò kẹta. Ìyá ẹ̀ gbé àwòrán ẹ̀ kọ́ sí ìsọ̀. Oníbàárà tí ò bá kí wọn kú oríire, ẹja ẹ̀ á wọ́n gan-an ni. Inú wa dùn, ká má purọ́.

Lọ́dún 2006, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n lọ sí ìdíje kan ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó lọ kí ìyá ẹ̀. Iṣan itan ń dùn ún. Bí ìyá ṣe rí i pé ọmọ ń tiro, wọ́n fa ìbòrí wọn, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì àdúgbò. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ óò ní ara ń ro yín, oníkẹ́míìsì á ṣí ike kan, á ṣí òmíràn, á kó funfun, á kó pupa, á kó aláwọ̀ ìyeyè, á dì í sínú ọ̀rá pélébé, ó di "ẹ lò ó láàárọ̀, ẹ lò ó lálẹ́." Orúkọ wo? Ta ló ń bèèrè orúkọ? Gbogbo wa la ń lò ó, ara sì ń yá wa.

Festus ti kìlọ̀ títí pé kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun mì láìfi han òun. Ṣùgbọ́n kí ìyá ẹni gbé oògùn léni lọ́wọ́, kí wọ́n bu omi tì í, kí wọ́n dúró wò ó pé o gbé e mì, ọmọ wo ló máa ní òun ò lò? Ó gbé e mì. Ẹsẹ̀ sì fúyẹ́ lóòótọ́. Ó ṣe ipò kejì ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n fi fàdákà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n gba ìtọ̀ ẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Ọjọ́ tí Festus wọlé wá, ojú ẹ̀ pọ́n. Àwọn aláṣẹ ti rí oògùn tófin kọ̀ nínú ìtọ̀ náà. Wọ́n gba fàdákà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sáré fún ọdún méjì.

"Ta ló fún ẹ?" ni Festus bi í. Ó ní tí ẹni náà bá lè wá jẹ́rìí pé àìmọ̀ ni, wọ́n lè dín ìyà náà kù.

Mùnírátù ní fúnra òun lòun rà á, òun ò rántí ibẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí Festus lọ tán ló tó jẹ́wọ́ fún mi. Mo figbe ta.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí? Pe ìyá ẹ, kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn!"

"Àǹtí, ẹ má sọ fún wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn jà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ló ti wá, wọ́n á kú." Ó mú mi fi Àlùkùránì búra.

Rédíò gbé e. Àwọn tó ń jẹ ẹja ẹ̀dínwó lánàá wá ń fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá olóògùn, èló lẹja yìí?" Ìyá já àwòrán sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé ẹni tó fún ọmọ àwọn lóògùn ṣépè. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, Mùnírátù á dìde, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀, inú á sì máa bí mi bíi kí n la ẹnu.

Nígbà tí ọdún méjì pé, ó padà sí pápá, ṣùgbọ́n ara ti wúwo, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é mọ́. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Ìkòròdú ló gbà á, ó ń di ọṣẹ sínú páálí. Ọmọ tó sáré fún Nàìjíríà, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ló ń sáré lé ní ibùdókọ̀ Agric láàárọ̀. Ó dùn mí wọra.

Nínú ààwẹ̀ ọdún 2009, gbogbo wa lọ ṣínu lọ́dọ̀ ìyá ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ mọ̀ pé àdúrà ẹni tó fẹ́ ṣínu, gbígbà ni. Bí wọ́n ṣe pe ìrun, ìyá gbé ọwọ́ sókè, tàwọn ti dàbínù tí wọ́n fẹ́ fi ṣínu.

"Ọlọ́run, lónìí ni kó o dá mi lóhùn. Ẹni tó fún ọmọ mi lóògùn, kó má kú ikú rere. Ẹ ṣe àmín!"

Ọkọ mi, tí ò mọ nǹkan kan, ṣe àmín. Mùnírátù fò dìde, ó gbá ọwọ́ méjèèjì ìyá ẹ̀ mú, ó fà á wálẹ̀.

"Ọlọ́run má gbọ́! Mọ́mì, ẹ kó èpè yẹn jẹ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o jẹ!"

"Kí ló ṣe ẹ́? Ọ̀tá ẹ lo ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Ó gbé orí lé orúnkún ìyá ẹ̀, ó ń sunkún. Ìyá yíjú sí mi. Mo wolẹ̀.

"Ìyàwó, oògùn wo ni wọ́n bá lára ọmọ yìí?"

Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé èyí tí mo rà nígbà tí itan ń dùn ún ni?"

Ẹkún Mùnírátù le sí i. Ìyá rọra yọ ọwọ́ wọn lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n wo àbúrò wọn.

"Bísíríyù," ni wọ́n wí, "ṣé o ti ṣe àmín?"