Ìwé-Ẹ̀rí Tí Adéníran Fà Ya

Ogójì ọdún ni Adéníran fi tẹ ìwé ní Ìkéré, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ láti ìgbà tí Motọ́lání ọmọ rẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ láti inú kọ̀ǹpútà wọ ṣọ́ọ̀bù, nǹkan ò yé bàbá mọ́. Ó wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò rí lẹ́tà, kò rí pléètì tí wọ́n fi ń tẹ̀wé. Ibo ni ọ̀rọ̀ ń gbà dé orí bébà? Àwọn ọmọ ní kí ó máa sinmi nílé, bẹ́ẹ̀ ilé ti sú u dọ́ba. Motọ́lání ló gbà kí ó wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ bá mi ṣọ́ ẹ̀rọ yìí lónìí, bàbá mi. Tẹ́ ẹ bá lè ṣọ́ ọ, uṣẹ́ wà fún yín níbí."

Ìwé-ẹ̀rí ọgọ́rin ni, fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Èmùré. Motọ́lání tẹ bọ́tìnì, ó sáré lọ ra bébà sí i.

Bàbá mú ìwé àkọ́kọ́: Gbémi. Ó dára, ó ń dán. Ó mú ìkejì: Akínwándé. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. Ìkẹta: Mofẹ́olúwa. Ara bù ú máṣọ. Láyé tirẹ̀, ojú kan náà ni gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ pọ̀ ń ní. Àlàfo ni wọ́n ń fi sílẹ̀ fún orúkọ, kí tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ dáa wá kọ ọ́ sí i. Ó dúró títí kí orí ẹ̀rọ pé, orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tó di ìkejìlá, ó fa wáyà yọ, ó sì fa gbogbo wọn ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí oníbàárà má baà rí iṣẹ́ tó bàjẹ́. Lójú tirẹ̀, ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú ni.

"Bàbá mi, kí lẹ ṣe?" Motọ́lání ti dé.

"Ẹ̀rọ rẹ ya wèrè. Orúkọ méjìlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ!"

"Bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ náà nìyẹn. Kò sí pléètì, bàbá mi. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ya ùwé kọ̀ọ̀kan sára irin róbótó kan nínú. Àtíkè aláwọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, ooru á yọ́ ọ mọ́ bébà, ẹ̀rọ á wá pa ti ara irin rẹ́, á tún ya òmíràn. Orúkọ àwọn ọmọ wà nínú kọ̀ǹpútà, ó ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Bàbá ń mi orí, kò yé e. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pa rẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, irú iṣẹ́ wo nìyẹn?

Motọ́lání ki wáyà bọ iná, ó ṣa orúkọ méjìlá náà lórí kọ̀ǹpútà. Kí bàbá tó gbá èyí tó ya jọ tán, gbogbo wọn ti jáde. Motọ́lání ò bínú, kò sì pariwo.

Ìyẹn gan-an ló dun bàbá wọra. Nígbà tóun jẹ́ ọ̀gá, ọmọṣẹ́ tó bá ba ìwé kan ṣoṣo jẹ́ á kúnlẹ̀ dọ̀sán, á sì padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó kàn yà kí wọn nìkan ni òun kì í bá wí.

"Motọ́lání," ó ní, "bá mi wí."

Motọ́lání fa àga fún un. "Ẹ jókòó, bàbá mi. Mo ra mọ́ínmọ́ín bọ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, màá sìn yín lọ ulé."