Ibi Tí Mervyn Fi Ojú Ara Rẹ̀ Yàn

Bí ẹ bá fẹ́ kí tíì yín tutù lọ́wọ́ yín, ẹ ṣáà bi Mervyn Pascoe léèrè ibi tó yẹ kéèyàn ra ilé sí. Òrùlé kíkàn ló fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì ní Wangaratta ní Ọsirélíà, kò sì sí àdúgbò ìlú náà tí kò tíì wò láti òkè. "Ilé tó rẹwà níbi tí kò dáa, ẹrù ni," á bẹ̀rẹ̀. "Ilé játijàti níbi tó dáa, owó ni." Bí ẹnikẹ́ni ò bá tiẹ̀ bi í, á dá ara rẹ̀ lóhùn.

Glenys ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí etí rẹ̀ fi kún. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ ní tirẹ̀. Orúnkún ń dà á láàmú, ọ̀pá ló fi ń rìn, orí òkè sì ni ilé wọn wà, àtẹ̀gùn níwájú, àtẹ̀gùn lẹ́yìn. Ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kí ó lè máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Lorna, àbúrò rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, láìbẹ ẹnikẹ́ni pé kó wa òun lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n lọ wò tí Mervyn kò rí àlébù rẹ̀. Èyí kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọn á yan bí ẹ̀pà nígbà ooru. Tọ̀hún sún mọ́ odò jù, odò kì í sì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Òmíràn kọjú sí pápá bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ á máa dí ẹnu ọ̀nà.

"Merv, ṣé ilé là ń wá ni àbí ìjọba ọ̀run?"

"Ìjọba ọ̀run náà, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó kọjú sí."

Láàárín ìgbà òtútù, ó rí ọ̀kan. Òpópónà rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pálọ̀ kọjú sí àríwá, ibi tí oòrùn wa ń gbà wọlé, igi ńlá kan wà níwájú rẹ̀, kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù Lorna. Ní àárọ̀ Sátidé tí wọ́n lù ú ní gbàǹjo, gbogbo àdúgbò jáde sójú títì pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́ láti wòran, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ará ìlú kankan kò nawọ́. Àlejò kan láti Melbourne nìkan ló bá Mervyn du ilé náà, kò sì pẹ́ tó fi jáwọ́, ilé sì di ti Mervyn. Àwọn aládùúgbò ń wo ara wọn, wọ́n ń mu kọfí wọn. Mervyn rò pé ọgbọ́n òun ló borí.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó gbé àkàbà, ó gé ẹ̀ka igi kan tó ń ṣíji bo pálọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹyẹ mágípaì kan bà lókè, ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò ó dáadáa.

Gbogbo wa la mọ̀ pé mágípaì kì í gbàgbé ojú. Mervyn náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ló wo ilé, ẹyẹ kì í sì í jà nígbà òtútù. Nígbà tí ewé tuntun rú, tí ìtẹ́ kún fún ọmọ, ogun bẹ̀rẹ̀. Bí Mervyn bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, fìrì, ẹyẹ ti dé àtàrí rẹ̀. Ó ṣá a létí. Ó lé e dé ìdí àpótí lẹ́tà. Bàbá tó ń ṣe fáàrí wá di ẹni tó ń fi ike áìsìkiriìmù dérí, tó ya ojú méjì ràbàtà sẹ́yìn ike náà kí ẹyẹ lè rò pé òun ń wò ó.

"Merv, fànílà ni àbí ṣokoléètì?" àwọn aládùúgbò á kí i láti inú ọgbà wọn.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni yín! Ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi!"

"Ọ̀rẹ́ mi, ta ló tó kọ́ ìwọ níbi tí wọ́n ń ra ilé sí?"

Ìtìjú bá a. Ó pe Brodie, ejẹ́ńtì ilé, ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀, pé òun fẹ́ ta ilé náà. Brodie ní kó jẹ́ kí ọmọ ẹyẹ fò lọ ná. "Àwọn ará Melbourne ń wọ́ wá síbí, Merv. Wàá jèrè!" Ojú Mervyn tàn. Bí èrè bá lè wọlé, gbogbo ìlú á mọ̀ pé òun kò ṣi ibi yàn. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn rẹ̀ káàkiri.

Glenys kò bá a jà. "Ìwọ lo mọ ibi, Merv," ló kàn wí, ó mú àpò rẹ̀, ó jáde. Mervyn ń wò ó lójú fèrèsé. Ẹyẹ náà bà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, Glenys ju ẹran lílọ̀ díẹ̀ sí i, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà náà ni Mervyn ṣàkíyèsí pé ìyàwó òun kò mú ọ̀pá dání. Nígbà tó ń bọ̀, búrẹ́dì wà lábíyá rẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín sí ohun tí Lorna sọ. Ó ti bi oòrùn, ó ti bi odò, kò bi Glenys rí. Ó dùn ún gan-an. Síbẹ̀ kò lè pe Brodie pé òun ti yí ọkàn padà, nítorí ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ìlú.

Ní oṣù kọkànlá, Brodie mú tọkọtaya kan wá láti Melbourne. Igi dákẹ́. Àwọn aládùúgbò ti tò sí ìdí ọgbà wọn. Ọkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní òun á san ju iye tí wọ́n dá lé e lọ.

"Ibí mà dáa o. Kí ni àlébù rẹ̀?"

"Kò ní!" ni Brodie sọ.

Glenys wà ní ìdí fèrèsé kíṣìnì, ó ń nu abọ́ tó ti gbẹ. Mervyn wò ó.

"Ẹyẹ," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Ẹyẹ wà lórí igi yẹn. Á lé ẹ, á lé àwọn ọmọ rẹ. Wo etí mi."

"Merv! Ẹyẹ ti lọ!" Brodie fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ọdọọdún ló ń padà wá. Ibi burúkú gbáà nibí. Wèrè nìkan ló lè ra ilé síbí."

Àwọn ará Melbourne ti ń ṣí ọkọ̀ wọn. Ẹnìkan pariwo láti ìdí ọgbà, "Merv, wèrè wo ló wá rà á?"

"Èmi ni," Mervyn dáhùn, ó pariwo kí gbogbo òpópónà lè gbọ́, kí kíṣìnì náà lè gbọ́. "Mi ò sì ní tà á."