Wọ́n Ní Omi Kajú Ló Jó Mi

Ojú mi òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ nítorí pé ẹni tó yẹ kó wò mí kò wò mí.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Bantè nípa sẹ́ẹ̀lì nígbà tí mo fọwọ́ kan irun mi, tí irun náà sì dùn mí. Irun! Apá òsì nìkan, láti ìpéǹpéjú dé àtàrí, bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún mi. Ara mi kò gbóná, òtútù kò mú mi. Mo lọ sí ilé ìwòsàn wa. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Majò, kò gbójú kúrò lórí ìwé tó ń kọ. "Palú ni," ló wí. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mo lo oògùn ibà rẹ̀ lásán.

Ní Ọjọ́rú, ìléròrò olómi yọ níwájú orí mi. Mo padà lọ. Ìgbà kajú ni. Obìnrin mẹ́ta láti Akpassi ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ wọn bó, torí omi inú èèpo kajú máa ń jó awọ bí ásíìdì. Majò wò mí láti ẹnu ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Pròfù, ẹ̀yin náà! Ẹ fi kíláàsì sílẹ̀ lọ yan kajú?"

"Majò, mi ò fọwọ́ kan kajú lọ́dún yìí."

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. "Ìwé tí wọ́n kà ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Majò kọ ọ́ sínú káánẹ̀, ìwé ìtọ́jú mi, pé omi kajú ló jó mi, ó fún mi ní ìpara iná, ó pe ẹni tó kàn.

Ká ní ó sún mọ́ mi ni, ì bá rí i pé ìléròrò náà dúró láàárín iwájú orí mi gan-an, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Kò sí ẹyọ kan lápá ọ̀tún. Omi kajú kò mọ àárín ojú. Ibi tó bá ta sí ló ń jó. Èmi tí mò ń kọ́ni ní sẹ́ẹ̀lì náà kò ronú kàn án, mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti ta ni?

Ní Ọjọ́ Ajé kejì, ọ̀kan yọ sí ṣóńṣó imú mi. Ojú mi pọ́n, ìmọ́lẹ̀ ń gún un. Ìyá mi dé láti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀, ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín.

"Dìde. Ọsibítù Savalou là ń lọ. Ojú ò ní ààrọ̀."

Ìwé kan wà lára ògiri níbi tí a ti ń dúró de dókítà, nípa ọwọ́ fífọ̀. Mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, mo fi òsì kà á. Mo tún un kà. Nígbà tó máa fi kàn wá, n kò rí ìlà ìsàlẹ̀ mọ́.

Dókítà obìnrin náà fọwọ́ gbé àgbọ̀n mi sókè. Ó béèrè bóyá mo ṣe ìléròrò ọmọdé rí, èyí tí Faransé ń pè ní farisẹ́ẹ̀lì.

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ní Pira," ni ìyá mi dáhùn. "Ó sì lọ."

"Kò lọ, Màmá. Ó sùn ni."

Fírúsì, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ìléròrò náà, kò ní ẹnu, kò ní ikùn, kò lè dá bí sí i. Ìwé àṣẹ lásán ni, tí wọ́n dì sínú àpò. Bó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, á máa ṣe ẹ̀dà ìwé náà títí yóò fi kú. Fírúsì tèmi sá pamọ́ sí ìdí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára apá òsì ojú mi. Nígbà tí agbára ara mi dínkù, ó jí, ó sì gba ojú iṣan kan ṣoṣo yẹn jáde. Sónà ni Faransé ń pe àìsàn náà. Oògùn wà tó ń dí ẹ̀dà ṣíṣe lọ́wọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ìléròrò bá yọ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìpara iná ni mo fi ọjọ́ mẹ́ta tèmi kùn.

Ojú náà kò fọ́. Ìkùukùu díẹ̀ kù nínú rẹ̀, irun mi sì ń dùn mí bí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó wò mí, àti lọ́wọ́ ara mi tó ń pariwo nígbà tí kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kò pa ìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé ìwòsàn wa, ta ló ń yẹ iṣẹ́ Majò wò? Kí ló dé tí "omi kajú" ṣì wà nínú káánẹ̀ mi? Àwọn obìnrin mẹ́ta láti Akpassi ńkọ́, ta ló di ọwọ́ wọn mú, tó wò ó? Ẹ dá mi lóhùn.