Ọdún tí Òdòdó Máńgòrò Wa Di Dúdú

Òórùn òdòdó máńgòrò máa ń wọ yàrá mi kí n tó la ojú láàárọ̀ ọyẹ́. Òórùn dídùn ni, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ṣe ló máa ń já mi láyà. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, Abẹ́òkúta ni mò ń sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbọ́dọ̀ wà ní Kútọ̀ láti wọ ọkọ̀. Ìlú mìíràn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Bàbá ọkọ mi ló máa ń ṣẹ́ kù nílé. Oníṣòwò aṣọ ni wọ́n nígbà tí agbára ṣì wà, ní Ìtòkú níbi tí wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n la ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa lọ́nà Alábàtà. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ ariwo ọjà wá di ẹni tó ń jókòó ti igi máńgòrò kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá aránṣọ tí ilé wọn fara ti tiwa ló ń bá mi tọ́jú Bàbá. Lọ́sàn-án, wọ́n á gbé làfún gbígbóná wọlé, wọ́n á sì máa bá Bàbá tàkúrọ̀sọ títí Bàbá á fi jẹun tán. Ohun tó ń jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ ní ọ́fíìsì nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, òdòdó ti bo orí igi wa, ìyá aránṣọ dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wòkè, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Háà, Bàbá Alájì, igi yín mà ṣe dáadáa o! Èyí á so débi pé ẹ ó máa fi tọrẹ."

Kò pẹ́ sígbà náà tí òjò kan ṣàdédé rọ̀ láàárín ọyẹ́, tí ìrì sì ń sẹ̀ láràárọ̀. Òdòdó wá ń dúdú bí ohun tí iná jó, ó ń já bọ́. Ìwọ̀nba èyí tó rójú so, àmì dúdú bò ó lára.

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Oúnjẹ ni wọn kò jẹ mọ́. Mo ti Èkó dé, mo bá làfún tó ti tutù lórí tábìlì, ọbẹ̀ rẹ̀ ti dì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé, wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí mo bẹ̀ wọ́n títí ni wọ́n tó là á.

"Ìyàwó, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú mi báyìí ni aránṣọ yẹn ṣe fi ìyìn ẹnu rẹ̀ ba igi yìí jẹ́. Ṣé oúnjẹ rẹ̀ ni kí n tún máa jẹ?"

Láti ọjọ́ yẹn, ara mi kò balẹ̀ mọ́. Bí mo bá dé ọ́fíìsì, mo ti dìde lọ pe ilé. "Bàbá, ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹ." Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́, nítorí oúnjẹ tí mo bá sè sílẹ̀ láàárọ̀ ni mo ń bá nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ kí wọ́n fi jẹ ẹ́ mọ́, bùbá wọn sì ti ń yọ̀ bọ́ léjìká. Ìyá aránṣọ náà kò gbé làfún wọlé mọ́, wọn kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n kàn ń kí mi láti ọ̀nà jíjìn ni, "Ẹ kú àbọ̀ o," ojú wọn á sì tún padà sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Mo wá rò ó pé bí igi bá ti sàn, ìjà tán. Mo gbọ́n nígbà náà, tàbí kí n ní mo rò pé mo gbọ́n. Mo ya ìsọ̀ kan ní Kútọ̀, mo ra oògùn kòkòrò tó rùn jù, mo fín in sórí igi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, oyin ló kú sílẹ̀ káàkiri ìdí igi. Àwọn òdòdó ṣì ń dúdú lọ ní tiwọn.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà ń gbé ní òpópónà wa. Mo di ẹ̀ka kan sínú ọ̀rá, mo gbé e tọ̀ wọ́n lọ.

"Kòkòrò kọ́ lẹ ń bá jà," wọ́n ní. "Ṣé búrẹ́dì ti bu rí nílé yín? Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló wà lára igi yín. Ibi tó tutù, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, ló fẹ́ràn."

Wọ́n ṣàlàyé pé ara ẹ̀ka tó ti kú, ewé àtijọ́ àti èso jíjẹrà tó wà nílẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí, pé òjò ló ń ta á káàkiri. Wọ́n ní kí n gbá ìdí igi mọ́, kí n sun ohun tí mo bá gbá. Bí ìgbà èso bá kọjá, kí a gé ẹ̀ka tó há mọ́ra kí oòrùn lè wọlé. Bí òdòdó tuntun bá sì ti ń yọjú, kí a fín oògùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń lò fún kòkó. Mo ti fẹ́ máa sáré lọ, wọ́n pè mí padà. "Ṣé máńgòrò mìíràn wà nítòsí?"

Ó wà. Ti ìyá aránṣọ ni, ẹ̀ka rẹ̀ tiẹ̀ fò kọjá ògiri wá sọ́dọ̀ wa. Mo dé ẹnu ọ̀nà wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ wo igi wọn. Wọ́n nàka sí i, wọ́n ní ó ti ń bà jẹ́ kí a tó kó dé àdúgbò. Dúdú ni òdòdó ti ìyẹn náà. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀, mo ṣẹ́ ọ̀kan lára tiwa, mo kó méjèèjì lé Bàbá lọ́wọ́.

"Èwo ni tiwa, Bàbá?"

Wọ́n yí wọn síwá sẹ́yìn. "Ìkan náà ni."

"Èyí, ti ìyá aránṣọ ni."

Bàbá wò mí. "Ti òun náà bà jẹ́?"

"Ó ti ń bà jẹ́ kí a tó kó dé ibí."

Wọ́n gbé àwọn ẹ̀ka náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú fìlà, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n rọra rìn lọ sílé kejì. Èmi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Bàbá kò ní kí ìyá aránṣọ má bínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ìyá, àìsàn kan náà ló ń ṣe igi wa. Bí a bá wo ọ̀kan tí a fi ìkejì sílẹ̀, òfo ni."

Ìyá aránṣọ wo Bàbá tòun ti ọ̀pá ọwọ́ wọn. "Ẹ wọlé, Bàbá Alájì. Ẹ ti rù jù."

Nígbà tí ìgbà èso kọjá, a gé igi méjèèjì, a kó ewé jọ, a sun ún. Nígbà tí òdòdó tuntun yọ, mo fín oògùn, mi ò sì rí oorun sùn: bí òjò bá ṣú, mo ti jáde lọ wòkè. Díẹ̀ ṣì dúdú. Èyí tó pọ̀ jù dúró. Bàbá gé àkọ́so, wọ́n fi ọ̀bẹ yọ ibi àmì kékeré kan kúrò lára rẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n nu ẹnu tán ni wọ́n sọ ohun tí mi ò retí.

"Ìyàwó, èmi ni mo fẹ́ kó jẹ́ ènìyàn ló ba igi náà jẹ́. Bó bá jẹ́ ènìyàn, mo mọ bí mo ṣe lè bínú sí i."

Bàbá ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, èmi náà sì ti fi iṣẹ́ Èkó sílẹ̀. Àìsàn igi náà kò tán pátápátá, kì í tán. À ń gbá ìdí igi, à ń gé ẹ̀ka lọ́dọọdún ni. Ṣùgbọ́n bí ohun tí kò yé mi bá bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa ń rí i pé ojú mi ti ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Nígbà náà ni mo máa ń rọra jókòó, tí màá sì kọ́kọ́ yẹ ìdí nǹkan náà wò.