Ẹ̀kọ Ọ̀wẹ̀ ní Kambolé

Èmi kì í fẹ́ràn ẹkún tí kò nídìí. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin sunkún wọ ìsọ̀ mi ní Komah, ní Sokodé, pé hóró oògùn tí ọkọ òun ń rà lọ́jà Tchamba ti sọ ọ́ di òkú alààyè, mo ní kó nu imú, kó sọ ohun tó ń fẹ́. Ó ní ẹbí ọkọ òun yóò gba oko bí ebè kò bá délẹ̀ kí òjò tó dá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe torí iṣu. Bí oko bá lọ, àkọ́bí mi á di alágbàṣe láàárín àwọn tó ń gbé hóró mì kí ó má baà rẹ̀ wọ́n. Bàbá rẹ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí òun náà má lọ."

Ọ̀wẹ̀ ló kù. Ní Kambolé, àwọn ọkùnrin á gbé ọkọ́ wá bá ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò ká iṣẹ́, olóko á sì bọ́ wọn yó. Mo ní èmi ni màá gbé oúnjẹ wá.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, wọ́n ti kó gbogbo ọkọ̀ Sokodé lọ gbé àwọn oníjó tí yóò pàdé mínísítà. Ijó! Ebi ń pa ìlú, wọ́n ń jó. Mo dúró ti àpò àgbàdo sísè àti ẹja gbígbẹ títí ọkọ̀ kan fi dé. Oòrùn ti kúrò látàrí kí n tó dé oko.

N kò gbọ́ orin kankan. Ọlọ́wẹ̀ tí kò kọrin, tí kò ṣàwàdà? Wọ́n ń kọ ebè bí ẹni tí a ń lé. Òógùn ń ṣàn lára wọn, kò sẹ́ni tó béèrè omi. Mo ní kí wọ́n wá jẹun, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ẹ̀rù bà mí.

Mo fa àbúrò mi lọ sábẹ́ igi. "Kí lo fún wọn?"

"Ẹ ò tètè dé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀kọ olómi lásán ni mo ní. Ṣé kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Mo lọ hóró bàbá àwọn ọmọ sí i, kí ebi má baà pa wọ́n."

"Orí mi ò! Ọmọ rẹ ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí i láàárín àwọn tó ń kọ ebè. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé nǹkan mímu fún àlejò ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bàbá kò lè dìde nílẹ̀, àkọ́bí ló dúró nípò rẹ̀. Kí n tó dé, ó ti gba igbá, ó sì mu ún tán lójú gbogbo wọn. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó má mu ún, ta ni yóò tún fẹnu kàn án? Ìyá dákẹ́.

Ebè délẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹbí ọkọ wá wò ó, wọ́n ní àwọn ò gba oko mọ́. Gbogbo ènìyàn ń yin ọmọ náà. Òun ṣì ń wá ibi tí yóò tún kọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè kí àbúrò mi kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ sí i, ọmọ náà wọ ìsọ̀ mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Mo bu omi fún un, kò mu ún.

"Màmá àgbà, mo bi ìyá mi, wọn ò sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ẹ̀kọ ọjọ́ yẹn? Láti ìgbà náà, kò sí ohun mìíràn tó tún ń wù mí mu."